Iyọ̀ Tí Kíkẹ́ Bù Sọ́rọ̀ Bàbá Madhav

“Ma, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó fẹnu kan tíì yìí. Bí mo bá mu ún, ojú á tì mí, ẹnu mi á tún pa dé. Ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa Bàbá, èmi ni mo gbé e kalẹ̀, irọ́ sì ni.”

Bí Kíkẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ilé ìdáná Sunita ní Duluth ní Amẹ́ríkà, ní àárọ̀ Sátidé. Sunita ti rò pé ó kàn wá kí òun ni. Kíkẹ́ yìí ló tọ́jú bàbá Sunita, Bàbá Madhav, nínú ilé yìí kan náà, títí wọ́n fi gbé bàbá náà lọ sí ilé àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ra ní McDonough, níbi tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

“Irọ́ wo?” Sunita béèrè. Kíkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Sunita ní kó dìde, kò dìde.

Ìjà kan ló fa gbogbo rẹ̀, ìjà tó ti wà kí wọ́n tó bí àwọn obìnrin méjèèjì. Nígbà tí Bàbá Madhav wà lọ́dọ̀ọ́ ní Íńdíà, òun àti Vasant ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni aṣáájú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún òmìnira nílùú wọn. Ogun Hitler dé, Òyìnbó tó ń jọba lé wọn lórí ní kí wọ́n wá bá òun jà. Ibẹ̀ lẹnu ò ti kò mọ́, láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà aṣáájú dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé. Vasant ní kí wọ́n ran Òyìnbó lọ́wọ́, pé bógun bá tán, òmìnira ni wọn yóò fi san oore náà. Madhav ní ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́ kì í bá ẹni tó dè é gbèjà ilé. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wọ̀n ló wà tí Vasant fi mú àbúrò Madhav kan ṣoṣo wọ iṣẹ́ ológun, ọmọ náà sì kú sí Burma. Láti ìgbà náà Madhav kò bá Vasant sọ̀rọ̀ mọ́, àní nígbà táwọn méjèèjì di arúgbó lọ́dọ̀ ọmọ àti ọmọọmọ ní Amẹ́ríkà.

“Ọwọ́ mi ni fóònù Bàbá máa ń wà,” Kíkẹ́ ń bọ́rọ̀ lọ. “Bàbá Vasant á pè láti New Jersey, Bàbá á ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Ó ń dùn mí, Ma. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í jẹ́ kí arúgbó méjì bára wọn yodì wọ sàréè. Mo bi Aunty Eunice ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, ‘Kíkẹ́, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Ẹni tó ń làjà kì í ro gbogbo ohun tó gbọ́. Bu iyọ̀ sí i jàre.’ Mo bá bu iyọ̀ sí i. Mo sọ fún Bàbá Vasant pé Bàbá ti dárí jì wọ́n. Mo sọ fún Bàbá pé Bàbá Vasant ń sunkún, pé wọ́n ní, ‘Ìwọ lo tọ̀nà, èmi ni mo pa àbúrò rẹ.’ Kò sẹ́ni tó sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kí ló kàn mí? Kí ló kan ọmọ Oyèwùmí nínú ọ̀rọ̀ Íńdíà? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn Bàbá sunkún, wọ́n sì jẹun tán nínú àwo. Mo rò pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ṣe.”

“Vasant bá gbéra wá,” Sunita sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

“Wọ́n wá, Ma. Ẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ti Bàbá Vasant wọlé lórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n nawọ́ sí Bàbá, wọ́n ní, ‘O ṣeun tí o dárí jì mí.’ Bàbá ní, ‘Ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ gbà pé o jẹ̀bi.’ Ojú Bàbá Vasant yí padà. ‘Jẹ̀bi kẹ̀? Mi ò jẹ̀bi rí. Ogun yẹn ló lé Òyìnbó lọ!’ Bàbá wá pariwo, ‘Kíkẹ́, sọ fún un! Sọ iṣẹ́ tó rán ọ sí mi!’ Gbogbo yín wojú mi.”

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, Kíkẹ́ kò tíì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni, títí kan Aunty Eunice.

“Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ro ìwé ìgbélùú mi tí kò tíì jáde. Mo fà yín sí kọ̀rọ̀, mo ní, ‘Ma, please, ẹ má bínú sí wọn. Ó ti pẹ́ tí Daddy ti ń gbọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ. It's dementia, iyè wọn ti ń ra.’ Nígbà tí dókítà béèrè, mo tún fi kún un. Inú ń bí Bàbá, wọn ò dá dókítà lóhùn, a ní àìsàn náà ni. Ma, orí Bàbá pé. Mo mọ̀ pé ó pé nígbà tí mò ń sọ ọ́.”

Sunita di etí tábìlì mú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò dà bí ohùn rẹ̀ mọ́. “Ó ń bẹ̀ mí. Gbogbo Sunday ló ń di aṣọ mi mú, pé òun ò ya wèrè. Mo máa ń sọ pé, ‘Yes, Papa,’ màá sì jáde, màá jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn.”

“Ma, ẹ dárí jì mí.”

Sunita ò bú u, kò sì lù ú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló mú. “Dìde. Òun ni kí o lọ sọ ọ́ fún.”

Ní McDonough, ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n bá Bàbá Madhav, ó ti rù. Kíkẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́, irọ́ tó pa fún Vasant, èyí tó pa fún un, àti èyí tó pa mọ́ ọn. Ẹkún gbà á lẹ́nu. Bàbá tẹ́tí títí ó fi sọ ọ́ tán, ó wá fi etí ṣọ́ọ̀lì rẹ̀ nu ojú Kíkẹ́.

“Ọmọ mi,” ó ní, “má parọ́ nítorí tèmi. Mo ń jiyàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣàlàyé àìsàn mi fún mi níbí, ó sì ti wá yé mi. Èmi ni mò ń gbọ́ ohun tí kò sẹ́ni tó sọ.”

“Bàbá, ẹ gbà mí gbọ́! Mo sọ ọ́! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mo sọ ọ́!”

Bàbá rọra ń fọwọ́ pa á lórí, ó sì yíjú sí Sunita. “Ọmọ dáadáa ni,” ó ní. “Má bá a wí.”