Nọ́ńbà Tó Wà Lára Irin

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, obìnrin kan dìde ní yàrá ìgbàlejò ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n pa rédíò, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tí òun kò lè gbé sùn mọ́. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí kì í ṣe ará ilé wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti ṣí fìlà. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa fín ọ̀rọ̀ sára irin, Baba Afínrin sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀, obìnrin tó dìde yìí nìkan ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Baba, ẹ má bẹ̀ wá mọ́," ló wí. "Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é."

Ìyá rẹ̀ wò ó. "O ṣe kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Màmá. Tí mo bá fo ibì kan, màá tún parọ́."

Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe obìnrin yìí ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó máa fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe lójoojúmọ́. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ń fi awọ bo àga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Tìmùtìmù. Wárápá ti ń ṣe é láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Oògùn tó ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́ ń mú un rọlẹ̀, kò mú un kúrò. Dókítà wá ní kó wá nǹkan tí yóò máa wọ̀ sára, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè mọ ohun tó ń ṣe é, kó sì mọ ẹni tí yóò pè.

Iṣẹ́ ọ̀sán kan ló yẹ kí èyí jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wọ́n. Ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà dára, agbára wọn kò ká a. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn, Tìmùtìmù ní ẹ̀rọ ìránṣọ lè fà á wọlé kó fún òun lọ́rùn. Ti rọ́bà pupa, ó ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń wọ irú ẹ̀. Ti ẹ̀wọ̀n irin, ó ní ó ń yún òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò lè jọ aago ni?"

"Kò lè jọ aago, torí kì í ṣe aago."

Ó sú u débi pé ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù Baba Afínrin, ó ní kí àbúrò òun kúkú kọ ọ́ síwájú orí. Baba yìí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Tìmùtìmù gé awọ tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó rán an bí okùn aago, òun yóò fi pẹlẹbẹ irin tí kì í dípẹtà sí i láàárín, òun yóò sì fín in jinlẹ̀ tí òógùn kò fi ní pa á rẹ́. Kò ní wọ́n wọn rárá. "Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni kẹ́ ẹ kọ wá o," ló wí. "Ẹni tó dúró lórí ẹni tó ṣubú kì í ráyè ka lẹ́tà."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹnu kò sí ni: WÁRÁPÁ. Ẹ YÍ MI SÍ Ẹ̀GBẸ́. Ẹ PE Ẹ̀GBỌ́N MI. Nọ́ńbà yóò wá tẹ̀ lé e.

"Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ sọ," ni obìnrin náà wí fún wọn ní yàrá ìgbàlejò.

Nínú oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ti pè é lẹ́nu iṣẹ́ pé Tìmùtìmù ṣubú. Ẹ̀ẹ̀méje ló ju ìwé sílẹ̀, tó sáré jáde, tó bá a níbi tó jókòó sí tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Tìmùtìmù á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló tún dà yín láàmú?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ ìyá wọn pé kí wọ́n máa pe ìyá náà nígbà mìíràn. Ìyá ní ta ni kí wọ́n pè, ṣé òun tí orúnkún ń ro ni. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀keje, àṣìṣe ńlá kan yọ́ kọjá sínú ìwé tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀gá pè é níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní bó bá tún sáré jáde, kó má wulẹ̀ padà wá.

"Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo kọ ìwé tí mo gbé lọ fún Baba," ló wí. "Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Nígbà tí mo dé ìparí nọ́ńbà mi, mẹ́jọ ló yẹ kí n kọ. Mo kọ mẹ́ta. Mi ò ṣèèṣì o. Èmi tí mo ń fi àṣìṣe jẹun, mo mọ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Mo ní á dìde fúnra rẹ̀ bó ṣe máa ń dìde. Mo ní kí n fi oṣù kan péré sinmi. Ẹ ò rí ìkà? Nígbà tí Baba sì fín in tán, mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ wọn."

Baba Afínrin mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó rántí.

Kò sẹ́ni tó fura. Orúkọ ni Tìmùtìmù máa ń tẹ̀ lórí fóònù. Ta ló tún ń mọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí? Ó wọ nǹkan rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ó jọ aago.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó gbé àga lọ fún oníbàárà kan, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, fóònù rẹ̀ fọ́ yángá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ka irin náà, ó pe nọ́ńbà. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní wọ́n ṣì í pè. Nọ́ọ̀sì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọkùnrin náà fi ìbínú pa fóònù. Ọjọ́ méjì ni Tìmùtìmù fi wà níbẹ̀ láìlè sọ̀rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ oògùn tí ara rẹ̀ ti mọ́, tí wárápá ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́.

"Gbogbo ìgbà tí èmi àti Màmá ń ti ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn, mo mọ ìdí tí fóònù mi kò fi dún," ló wí.

"Dúró," ni ìyá wí. "Níbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ka nọ́ńbà yẹn sókè, mo bi ẹ́."

"Ẹ bi mí. Mo ní Baba Afínrin ló ṣì í fín."

Kò dúró níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá mí, òun kò ní lè sọ èyí tó kù. Ó ní òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù Baba yìí lọ́jọ́ kejì, òun bú u níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, òun ní afọ́jú tó ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré ni. Ohun tí Baba náà sọ ni pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi ìwé tó o kọ hàn mí, kí n mọ ibi tí ojú mi ti kùnà." Obìnrin náà ní òun fèsì pé òun ti jù ú nù.

"Inú báàgì tó wà léjìká mi ló wà. Mo ń fọwọ́ kàn án bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ó mú ìwé náà jáde, ó kúnlẹ̀, ó nà án sí Baba Afínrin. Baba gbé awò ojú wọ̀, ó kà á, ó tún un kà.

"Mẹ́ta," ló wí. "Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Mo lọ yẹ ojú wò. Wọ́n ní ojú mi dára, mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo kó irinṣẹ́ mi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń wo ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ ọ̀daràn."

Ìyá ò pariwo. Ó kàn bi obìnrin náà pé, "Ṣé èmi ni mo bí ẹ?" Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn.

Tìmùtìmù ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ̀gbọ́n, ó sú yín. Ẹ̀ bá sọ fún mi. Èmi tí mò ń ṣubú gan-an, ṣé ẹ rò pé kò sú mi ni?"

Obìnrin náà fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Baba Afínrin, àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ sókè. "Ìta lo ti bú mi. Mi ò lè gba ẹ̀bẹ̀ inú yàrá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, obìnrin náà dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Baba, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà ń pariwo, ọkùnrin náà pa á, ó ní kó tún un sọ, òun kò gbọ́. Ó tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin tí mo dàgbà jù, tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó sú èèyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ jà sí i bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ẹlòmíì gbà á fún yín lọ́jọ́ kan. Èmi dákẹ́, mo wá fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ wo ohun tó dà."

Baba Afínrin kò sọ pé òun dárí jì í. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gba irinṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, iṣẹ́ tó sì kọ́kọ́ ṣe ni irin tuntun fún Tìmùtìmù. Tìmùtìmù ló pe nọ́ńbà náà sókè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ dé òpin.

"Nọ́ńbà ta nìyẹn?" ló bi àbúrò rẹ̀.

"Ti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́."

Obìnrin náà ní, "Mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní yín sínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wà nílẹ̀, mi ò lẹ́nu tí mo máa fi bi yín bóyá ẹ̀ ń bọ̀."