Ìdajì Hóró Tí Mo Lọ̀ Sínú Kókó Sìdí

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi kú láìmọ̀ ọ́n. Ó di ọdún mẹ́jọ tó ti wà níkùn mi, n kì bá sì tí sọ ọ́ bí kì í bá ṣe àlejò méjì tó wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Sìdí kọ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin àbúrò ọkọ mi ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì mú un wá bá wa ní Kàdúná. Mándò là ń gbé nígbà náà, yàrá méjì nínú ilé Hájíyà kan. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ní Kùdéńdà, lódìkejì ìlú, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Èmi ń kọ́ni ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ń kọ ìwé oyè kejì mi lọ́wọ́ ní yunifásítì.

N kò tíì bímọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi. Lẹ́yìn ìkejì ni dókítà kọ oògùn oorun fún mi, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni kí n fi lò ó. Mo ń lò ó lọ. Ọkùnrin oníkẹ́míìsì kan lójú ọ̀nà wa ló ń tà á fún mi, kò béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ mi rí. Mo ṣì ń bínú sí ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ bá a.

Sìdí kì í yọni lẹ́nu lọ́sàn-án. Ó ń fọ abọ́, ó ń pọnmi, kò sì pẹ́ tó fi ń bá àwọn ọmọ Hájíyà sọ Hausa. Alẹ́ ni ìyọnu. Tí a bá ti pa iná, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyá rẹ̀. Kì í ké. Ẹkún jẹ́jẹ́ ni, irú èyí tí kì í dáwọ́ dúró. Ọkọ mi á ní kí n lọ bá òun pa ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́, pé òun máa jí lọ síbi iṣẹ́. Èmi á jókòó ti àtùpà, ìwé á wà níwájú mi, n kò ní lè kọ ìlà kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ ìdajì hóró nínú oògùn mi. Mo dà á sínú kókó rẹ̀, mo fi ṣúgà sí i dáadáa. Ó sùn fọnfọn. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn. N kò ní parọ́ níbí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì kò mú un mọ́. Mo sọ ọ́ di odidi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tọ̀ sórí ẹní. Ọmọ tí kò tọ̀ọ́lé mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó tún tọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tún tọ̀. Ọkọ mi mú bẹ́líìtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló nà án láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo kà á. Nígbà kẹta, ó ní kó ru ẹní rẹ̀ yí àgbàlá ká, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn nílé nígbà èwe wọn. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní atọ̀ọ́lé. Ìtọ̀ inú ẹní náà ń kán sí i lọ́rùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó lọ ka bébà tó wà nínú páálí oògùn náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní pé kò yẹ fún ọmọdé, pé ẹni tó bá lò ó lè dìde máa rìn lójú oorun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká a, mo fi í sáàárín ìwé. Mo wá dín oògùn náà kù sí ìdajì. Ẹ kíyè sí i: mo dín in kù ni, n kò dá a dúró. Orí kan ló kù kí n parí iṣẹ́ mi.

Kò pẹ́ tí ìrìn náà fi bẹ̀rẹ̀. Á dìde, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, a ó pè é, kò ní dáhùn. Ó tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì, ó padà lọ sùn, tó bá di àárọ̀ kò ní mọ nǹkan kan. Ní ìdájí ọjọ́ kan, máígádì ilé kejì fà á lọ́wọ́ wá fún wa. Etí títì Mándò ló ti rí i, níbi tí àwọn tírélà ń gbà kọjá, ó wọ ṣìmí nìkan.

Hájíyà nìkan ló béèrè ohun tó yẹ ká béèrè. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. “Màlámà,” ló wí, nítorí iṣẹ́ tíṣà mi, “oorun ọmọ yìí kì í ṣe oorun ọmọdé. Me take ci da dare?” Kí ló ń jẹ lálẹ́?

Mo ní kókó ni.

“Kókó lásán?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí títí, ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Ọkọ mi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Sáfú, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dé, ó ṣọ́ ọmọ náà lóru ọjọ́ kan, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Ó ní ẹgbẹ́ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ló ń pè é jáde, kí a yára ṣe sàárà fún wọn kí wọ́n tó mú un lọ.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ àìsàn kan ló ń ṣe é o.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó, ìwé lo mọ̀. Ẹni tí kò pọn ọmọ rí, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọmọ?”

N kò tíì dárí ọ̀rọ̀ yẹn jì í. Òun ló dí mi lẹ́nu. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní nítorí pé n kò bímọ ni mo ṣe ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní májèlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀ n kò ní fi ṣe àwáwí.

Èmi ni mo lọ ra nǹkan sàárà náà. Ìrèké, ẹ̀pà, àádùn, bísíkíìtì. Àǹtí Sáfú fá orí Sìdí, ó gbé e jókòó sáàárín àgbàlá. Ó pe gbogbo ọmọ àdúgbò, ó ní kí wọ́n jẹ, kí wọ́n sì bá òun bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gbogbo wọn jẹ ẹ́. Gbogbo wọn sì lọ sọ nílé wọn pé ẹlẹ́gbẹ́ ni Sìdí.

Ojú tì mí lọ́jọ́ náà dé ibi pé mo kó oògùn tó kù, mo dà á sí ṣáláńgá. N kò rò ó jinlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Sìdí kò tọ̀. Kò dìde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ti dáwọ́ dúró pátápátá.

Àǹtí Sáfú forí balẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọkọ mi ní ṣé mo ti rí i báyìí pé ìwé kò mọ ohun gbogbo. Wọ́n ti rí ẹ̀rí, èmi ni mo sì fi ọwọ́ mi ṣe ẹ̀rí náà fún wọn. Nígbà tí Sìdí padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún kejì, orúkọ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí. Ọ̀dọ́kùnrin ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àfáká, lẹ́bàá Kàdúná níhìn-ín, fẹ́ fẹ́ ẹ. Àwọn òbí ọkùnrin náà ló rán tọkọtìyàwó àgbà kan wá ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ mi. Obìnrin náà ní, “Ìyàwó wa, ìwọ lo kàwé láàárín wọn, ohun tí o bá sọ la máa mú lọ. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ yẹn ní ẹgbẹ́?”

Rárá ni ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ní, “Wọ́n ti ṣe sàárà rẹ̀, mà. Ó ti tán.”

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Wọn kò mu mínírà tí mo gbé fún wọn tán. Wọ́n ní àwọn á fèsì lẹ́yìn Iléyá.

Lọ́jọ́ kẹta, Sìdí fúnra rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti gbọ́. Kò bá mi jà. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ ni, nítorí èmi ni mo wà lọ́dọ̀ òun nígbà náà: ṣé ẹgbẹ́ náà ti lọ tán lóòótọ́, àbí wọ́n ṣì lè padà wá bí òun bá délé ọkọ? Mo ní kó lọ sinmi.

Nígbà tó fẹ́ sùn, mo bá a nínú yàrá ọmọbìnrin tí mo wá padà bí. Ó ti so etí gèlè kan mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di etí kejì mú láti so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe ń sùn nìyẹn láti ìgbà náà, kí òun má bàa jáde lọ kó ìtìjú bá èèyàn.

Ó ní, “Èyí tí mo bá so fúnra mi, mo lè tú u lójú oorun. Àǹtí, ẹ bá mi so ó.”

Mo so ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ṣé Sìdí ni, àbí ọkọ mi, àbí àwọn ẹbí ọkùnrin Àfáká yẹn kí ọjọ́ tó kọjá lórí ìgbéyàwó náà? Mo mọ̀ pé ilé mi lè tú. Ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́ jù, ẹ má sì sọ pé kí n máa gbàdúrà. Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Lálaalẹ́ ló ń na ẹsẹ̀ sí mi.