Ibi Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́ Sùn Sí

Òkú ìyá mi ṣì wà ní mọ́ṣúárì ní Ìdí-Àràbà bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Àgùdà ló ń kí mi kú aṣẹ̀yìndè, pé ìyá jẹun pẹ́. Mo ń ṣe àmín. Wọn ò mọ ohun tó há mi lọ́fun.

Ìyá mi rìn! Kùmásí, Tàmálè, Àbíjàn, kò sí ibi tí kò ta ìlẹ̀kẹ̀ dé. Ìgbà tí Gánà lé àwọn àjèjì ló tó wá jókòó sí Pápá Àjàó. Ó gbọ́ èdè wọn débi pé ó fi ń ṣépè fún oníbàárà, á tún máa rẹ́rìn-ín sí i. Ní kékeré, mo rò pé òwò ló ń lé e kiri. Bàbá mi kú kí n tó dá a mọ̀, àbúrò rẹ̀ ló tọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló rán mi níléèwé, òun ló fà mí lé ọkọ lọ́wọ́. Kò yà mí sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀ fún ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, “Bí mo bá kú, ẹ má gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ o.” Mo ní kí ló dé. Ó ní nígbà tí bàbá mi kú, ẹbí ní kí àbúrò rẹ̀ ṣú òun lópó. Òun kọ̀. Wọ́n ní kí òun fi ọmọ sílẹ̀, kí òun máa lọ. Bí ìrìn àjò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. “Mo sá fún un láàyè. Ẹ má gbé òkú mi fún un.”

Èmi nìkan ló gbọ́. Lánàá ni àbúrò bàbá mi yìí, tí mo ń pè ní Bàbá, dé, ó sunkún títí. Ó ní wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yàrá òun ni. Ó di ọwọ́ mi mú: “Ọmọ mi, ìyá ẹ rìn tó. Jẹ́ kó wá sinmi.”

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo dójú ti ẹni tó tọ́ mi lójú gbogbo ẹbí. Bí mo bá dákẹ́, èmi ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi bí ni mo máa kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí i lórí níbi tó sá fún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀la ni ọkọ̀ ń gbéra. Nínú àwọn òbí méjèèjì tí mo ní láyé, ta ni kí n ṣẹ̀?