Adájọ́ Tí Ó Kí Bàbá Kú Ìrọ́jú

Ní ayé ìjọba ológun, mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá àgbẹ̀ kan ará Ìrẹsà àti obìnrin olùkọ́ kan sì jókòó níwájú mi.

"Wọ́n ti ọmọ mi mọ́lé nítorí ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri iléèwé wọn," ni bàbá wí. "Mo gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Adájọ́ ní òfin tí àwọn ológun ṣe kò gba òun láyè láti bi wọ́n léèrè. Ó wá ní, 'Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú.' Ohun tí mo gbọ́ bọ̀ nìyẹn."

"Ẹ má sọ̀rètí nù, Bàbá," ni olùkọ́ náà wí. " Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín agbára ìjọba àpapọ̀ sí: aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́. Bí ọ̀kan bá ṣì í lò, èkejì yóò dá a lẹ́kun."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi ní kíláàsì alẹ́ tí mo ń lọ.

"Ó dáa, Tísà. Ta ni aṣòfin?"

"Àwọn ológun ni báyìí."

"Aláṣẹ ńkọ́?"

"Àwọn náà ni."

"Adájọ́, mo ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ta ló wá kù tí mo lè bá, kí ọmọ mi lè wálé?"

Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú."

Bàbá rọra rẹ́rìn-ín.

"O ṣé, adájọ́."