Ẹ̀rọ Ń Wọlé, Ìyàwó Ń Kanlẹ̀kùn

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Rumuokwurushi lọ sí Rumuolumeni ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin méjì tó jókòó níwájú mi, tí wọ́n rò pé kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ Yorùbá nínú ọkọ̀.

Èyí àbúrò ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọkọ mi ń kó gbogbo fáìlì ẹ̀ sí. Láti ìgbà tá a ti ṣègbéyàwó ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní páswọ́ọ̀dù. Ó ní nǹkan iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Àfi láàárọ̀ yìí tí mo bá a níbi tó ti ń rán AI orí kọ̀ǹpútà ẹ̀ níṣẹ́, pé kó lọ bá òun kó fọ́tò ìgbéyàwó wa wá. Kíá ló wọlé, ó ṣà wọ́n, ó sì kó wọn jáde!”

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ lo wá ń jowú?”

“Abeg, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ń wọlé, ìyàwó ń kanlẹ̀kùn!”

Ohùn tó fi sọ ọ́ pa ẹ̀rín náà. Ẹ̀gbọ́n wá rọra bi í pé, “Kí ni ọkọ ẹ wá wí?”

“Mo ní kí ló wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ lè rí, tí èmi ò lè rí. Ó ní ẹ̀rọ kì í bi òun ní ìbéèrèkíbéèrè. Ni mo bá palẹ̀ ẹrù mi mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n fa báàgì àbúrò sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Ó dáa. Ilé mi la ń lọ. Tó bá fẹ́ ẹ padà, kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Kó má rán ẹ̀rọ o.”