Erin Tí Bàbá Ń Kì

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ tí mo jókòó ti bàbá arúgbó kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Èbúté Ìkòròdú, tí a jọ ń dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ọsibítù ni wọ́n ń lọ.

"Bàbá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ wo erin nínú igbó ìjọba. Koríko ti ga báyìí, ẹ ò ní rí nǹkan kan."

"Ṣé dókítà sọ fún ọ pé màá rí ẹ̀ẹ̀rùn?"

Ọmọ náà na fóònù sí i. "Ẹ wò ó, erin ló ń mumi yìí."

"Gbé e kúrò lójú mi jàre. Ọmọ ọdẹ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìjálá ki erin, n ò sì rí i rí."

"Tí a bá débẹ̀ tí ẹ ò rí i ńkọ́?"

"Bí n ò bá rí i, òun á gbọ́ mi."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Obìnrin náà fi etí gèlè nu ojú. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó lọ, Bàbá. Ẹ ṣáà má pariwo jù, kí wọ́n má lé wa jáde."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: kí ẹ tó dá ọjọ́ fún àgbà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń wá lọ.