Yàrá Tó Há, Ilé Tó Fẹ̀

Alága ìjókòó yìí, àti ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin dókítà tí ẹ rí àyè yọjú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àgbà yín àtèwe yín, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ sí wa nílé ìfọṣọ pẹ̀lú ṣíbí, ìgò oògùn àti eyín àtọwọ́dá baba arúgbó nínú rẹ̀, mo kí yín, mo sì ti dárí jì yín. Onílé wa, tí ẹ tìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín kí ẹ lè wá bá wa jókòó, ẹ ṣeun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yín wà nínú ohun tó kó wa jọ síbí lónìí. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìfọṣọ, ẹ̀yin tí a jọ ń làágùn, tí a jọ ń jà, tí a jọ ń rẹ́rìn-ín, ìkíni wo ló tó yín? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ẹ jókòó síwájú níhìn-ín, mo kúnlẹ̀ o, bí orúnkún mi tilẹ̀ ń ṣàròyé. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Alága yìn mí lẹ́ẹ̀kan débi pé mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wọlé. Ẹ ṣé o, Alága. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lẹ́nu gbogbo yín tí ẹ ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí obìnrin yìí ń fẹ̀yìn tì nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé? Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ṣebí ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí aṣírí ilé yìí tí kì í gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Àwọn kan ní mo bá ọ̀gá àgbà jà. Ọ̀gá, ṣé a jà? Ẹ gbọ́, wọ́n ní a ò jà. Àwọn kan ní mo jẹ tẹ́tẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi sítáàṣì sí aṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Sítáàṣì, òun ní tirẹ̀ ní mo ti rí ọkọ tuntun ní ìlú kékeré tí mo ń kó lọ. Màmá Sítáàṣì, má fọwọ́ bojú, ìwọ náà ni mo ń bá wí. Bó o bá rí ọkọ náà ṣáájú mi, jọ̀ọ́, bá mi dá a dúró.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí nígbà tí mo wọ ilé ìfọṣọ yìí, n ò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi gbígbóná tó ń pa kòkòrò àti èyí tó ń pa aṣọ. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ aṣọ nínú ooru tó lè bọ iṣu, mo yìn yín. Dírẹ́bà wa, tí kò jẹ́ kí aṣọ tó mọ́ pàdé èyí tó dọ̀tí nínú ọkọ̀ rẹ̀ rí, mo yìn ọ́. Màmá Sítáàṣì kan náà yìí, òun ni a jọ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Òun á di etí kan mú, èmi á di etí kejì, a ó rìn pàdé ara wa, a ó pínyà, a ó tún pàdé, títí òkè aṣọ á fi ga jù wá lọ. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán láìsọ̀rọ̀, síbẹ̀ kí n ti mọ̀ pé nǹkan kan ń dùn ún. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Mo sì mọ ara mi. Mo lẹ́nu. Bí mo bá rí àbàwọ́n lára aṣọ tí ẹnì kan ní òun ti fọ̀, ariwo mi máa ń dé yàrá ìgbẹ̀bí. Àwọn nọ́ọ̀sì tilẹ̀ ní ọmọ kan gbọ́ ọ, ó sáré jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí mo bá ti fi ẹnu mi gún, kó foríjì mí. Kì í ṣe ìkà. Ohùn tí Ọlọ́run fún mi ni kò ní ibi tí wọ́n ti ń dín in kù.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí la jọ ń gbé nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onílé wa. Ọwọ́ wọn ni mo ti dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ló bọ́ mi, òun náà ló rán mi níléèwé. Yàrá náà há. Ẹni tó bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìkòkò. Síbẹ̀, ọdọọdún ni owó ilé ń gòkè. Onílé, ẹ má fajú ro, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, gbogbo àdúgbò ni. Ìlú ńlá ti di ti olówó. Èmi ń dàgbà, owó oṣù mi ò dàgbà.

Dírẹ́bà wa ló mú mi lọ wo ilé kan ní ìlú kékeré tí òun ń gbé, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń pin sí. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé tiwa yìí, ó kù díẹ̀ kí n sọ ilé náà gan-an lórúkọ! Yàrá méjì àti pálọ̀. Ilé ìdáná tó jẹ́ tiwa nìkan. Fèrèsé kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ara ògiri, tó jẹ́ pé bí o bá ṣí i, koríko tútù lo máa rí, kì í ṣe aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ aládùúgbò. Ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ mímí ara mi. Owó ilé rẹ̀ ò sì tó èyí tí à ń san lórí yàrá kan. Mo ní ọkọ̀ ojú irin ni n ó máa wọ̀ wá síbi iṣẹ́, ṣé ẹlòmíràn kì í wọ̀ ọ́ ni? Mo sáré padà wá ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Mi ò lọ."

Kí ló dé? Lónìí wọ́n á ní ọṣẹ ò ní í hó nínú omi ibẹ̀. Lọ́la wọ́n á ní atẹ́gùn ibẹ̀ á fa ikọ́. Lọ́túnla wọ́n á ní, "Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀?" Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi. Ẹnu mi tí ẹ mọ̀ yìí, mo gbé e délé. Mo ní kí wọ́n rántí ẹni tó ń san owó ilé. Èmi, sí ẹni tó tọ́ mi! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń fọwọ́ tún bẹ́ẹ̀dì tí kò bàjẹ́ tẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbà láti tẹ̀ lé mi lọ wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú. Mo ṣílẹ̀kùn, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo fèrèsé yẹn! Ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó!" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ó dára o. Ó fẹ̀ lóòótọ́." Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọjú sí.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo sì ti ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe rí ọwọ́ wọn tó ń wá ògiri, tó ń nà, tó ń nà, tí kò ba nǹkan kan. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Wọ́n ní, "Ó ti ṣe díẹ̀." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé aṣọ rírán ti sú àwọn, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ wọn mọ́lẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń rí àbàwọ́n lára aṣọ láti ẹnu ọ̀nà, n ò rí ojú tó ń ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe dúró yìí.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọ́n ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Mo bi wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n ní, "Sọ ọ́ jàre. Ṣé mo jalè ni?" Dókítà ojú wa, ẹ ṣeun tí ẹ ò parọ́ fún wa. Ẹ ní èyí tó ti lọ ò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn lè dá èyí tó kù dúró fúngbà díẹ̀. Ní ọ̀sán báyìí, bí èèyàn bá sún mọ́ wọn dáadáa, wọ́n ṣì ń rí ojú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ẹ bá mi rò ó. Nínú yàrá wa tó há, bí ẹ̀gbọ́n mi bá nawọ́, bẹ́ẹ̀dì nìyí, sítóòfù nìyí, ìlẹ̀kùn nìyí. Bí òòlù aránbàtà tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ilé wa bá ń dún, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tán. Bí bọ́ọ̀sì bá ń já kọ́nà, wọ́n mọ ibi tí títì wà. Bí onílé wa bá wúkọ́, wọ́n mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Ẹ má bínú, onílé, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ikọ́ yín. Yàrá tí mò ń bú yẹn, òun ni wọ́n fi ń ríran. Gbogbo ohun tí mo sì ń yìn nípa ilé kejì, òun gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ò ní ba nǹkan kan. Ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ariwo ló ń júwe ọ̀nà fún wọn. Ṣé ilé tó dára ni ilé tó máa sọ ẹ̀gbọ́n mi di àlejò?

Mo bá pinnu. Mo ní a ò lọ mọ́. N ó gba iṣẹ́ àfikún, iye tí onílé bá pè ni n ó san. À ń ká aṣọ lọ́wọ́ nílé nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dá ọwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Ṣé yàrá yìí máa dúró dè wá ni? Lọ́jọ́ tí agbára wa ò bá ká owó rẹ̀ mọ́, ṣebí a ṣì máa kó ni. Ṣé ìgbà tí ojú mi bá ti lọ tán lo fẹ́ fà mí lọ síbi tí n ò rí rí? Jẹ́ ká lọ báyìí. Jẹ́ kí n fojú mọ ilé náà kí n tó máa fọwọ́ mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó sórí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, mo sì sunkún. Gbogbo bí mo ṣe ń fi ilé wé ilé, tí mò ń fi owó wé owó, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n jù mí lọ, àwọn náà ló sì ní ká lọ.

Ìdí tí mo fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ń ti ìlú kékeré yẹn wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó délé. Ọ̀sán ni ojú ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin, ta ni wọ́n á jọ mọ ilé náà? Ta ni yóò sọ pé, "Ibí ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó"? Owó ìfẹ̀yìntì mi máa kéré, mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ ń bà mí, èmi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń kùn sí létí láti ìgbà èwe. N ò mọ̀ bóyá mo ṣe é rẹ́gí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ tó tọ́ mi ń wá ògiri, mo sì fẹ́ wà nítòsí.

Ẹ máa wá kí wa o. Bí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè mohùn yín. Ibi tí ẹ bá ti bá àga ni kí ẹ fi í sí. Kí ẹ sì má sọ pé ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan ti pẹ́ jù fún wa.

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ilé ìwòsàn yìí ò ní rí ìjàǹbá. Iṣẹ́ ò ní pa yín, ìsinmi yín ò ní di àìsàn. Owó ilé ò ní lé yín kúrò láàárín àwọn tí ẹ fẹ́ràn. Onílé wa, Ọlọ́run á fún yín ní ayálégbé tó ń sanwó, tí kì í sì í ṣàròyé bíi tèmi. Ibi tí ẹ bá kó lọ, ẹ ò ní ṣàlejò níbẹ̀ pẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní ṣaláìní ọwọ́ tó máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ṣàmín kó ṣẹ o.

Ó ku ohun kan. Lójoojúmọ́ tí mo bá délé ni mo máa ń ròyìn yín fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n mọ ìjà yín, wọ́n mọ àwàdà yín, wọ́n mọ ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò rí yín rí. Ìdí tí mo fi ní kí a ṣe àpèjọ yìí lọ́sàn-án nìyẹn, tí mo sì ní kí wọ́n gbé àga wọn sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Torí náà, kí ẹ tó jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ga, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ gbé ojú yín sún mọ́ tiwọn, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé gidigidi. Ẹ má yára kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò yín tẹ́rùn.